Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi obìnrin lọ dé fìlà búlúù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bùté Mẹ́ta ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ọ̀yíngbò. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìkẹjà, ó sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti lọ dé fìlà búlúù, ìyẹn láti lọ ṣe pískípíìn (iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ àlàáfíà) pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó ní òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní 1325, tó ní kí wọ́n máa mú obìnrin lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní irọ́ ni, pé oúnjẹ ni wọ́n máa ní kó lọ máa sè fún sójà, tàbí kí wọ́n kàn fi ka iye. Èmi ní tèmi, mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn sójà àjọ náà ń fipá bá ọmọdébìnrin lò níbi tí wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣọ́. Ṣé òfin yìí lágbára, àbí òyìnbó kàn ń sọ̀rọ̀ ni? Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àníyàn ọmọ. Màá dáhùn gbogbo ohun tí ẹ bi mí, ṣùgbọ́n ti agbára òfin yẹn ni mo fẹ́ mú ṣáájú, torí ara rẹ̀ ni ìyókù so mọ́.

Ìpinnu 1325 lágbára, àmọ́ agbára rẹ̀ kì í dá ṣiṣẹ́. Kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀, kò ní ilé-ẹjọ́ tirẹ̀, wọn kò sì kọ ìyà kankan sínú rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tó bá di etí sí i. Ẹ wò ó bí ìwé tí oníbàárà fọwọ́ sí nígbà tó kó ankárá yín láwìn. Ìwé yẹn kò lè dìde rìn lọ gba owó wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un dání lọ ká a mọ́lé, kò ní lè sọ lójú ẹlẹ́rìí pé òun kò jẹ yín ní nǹkan kan. Gbogbo ibi tí mo ti rí i pé ìpinnu yìí ṣe obìnrin lóore, àwọn obìnrin kan ló mú un dání lọ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti tì í sínú fáìlì, inú fáìlì ló ń gbé di òní.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2000 ni Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i. Orílẹ̀-èdè 15 ló wà nínú ìgbìmọ̀ yìí. Òun ló ń pinnu ibi tí wọ́n máa rán ẹ̀ṣọ́ àlàáfíà lọ, iye tí wọ́n máa rán àti iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà á wọlé, kò sẹ́ni tó takò ó. Nàmíbíà ló ń ṣe alága lóṣù náà, Windhoek tí í ṣe olú-ìlú Nàmíbíà sì ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé obìnrin wà ní gbogbo ipele iṣẹ́ àlàáfíà. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, Anwarul Chowdhury, ọmọ Bangladesh tó ń ṣe alága nígbà tiwọn, ti sọ ọ́ síta pé àlàáfíà àti ìdọ́gba ọkùnrin òun obìnrin kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ló ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, tí wọ́n ń kọ àbá, tí wọ́n ń lọ láti ọ́fíìsì aṣojú kan sí òmíràn ní New York. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ló jókòó tó ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ Áfíríkà àti Éṣíà ló ti ọ̀rọ̀ yìí dé orí tábìlì.

Kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí Èkó. Ní 1940, ọdún márùn-ún kí wọ́n tó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀, ìjọba amúnisìn gbé owó orí lé obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju £50 lọ. Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja, olórí àwọn obìnrin ọjà Ẹrẹ́kọ̀, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Wọ́n ti ọjà pa, wọ́n wọ́ lọ bá kọmíṣọ́nnà ìlú. Kò pẹ́ tí ìjọba fi sún £50 náà sókè sí £200. Obìnrin kò tíì ní ẹ̀tọ́ ìdìbò ní Èkó nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n ń bá ìjọba fà ni ohun tí 1325 ń bèèrè lọ́wọ́ àgbáyé: kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà níbi tí wọ́n ti ń dá a.

Ìlà 18 ló wà nínú ìpinnu náà. Èyí tó kan ọmọ yín tààrà ni ìkẹrin, tó ní kí wọ́n fẹ iṣẹ́ obìnrin lójú sí i lórí pápá, pàápàá láàárín àwọn ológun aṣàkíyèsí, àwọn ọlọ́pàá, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ti ìrànwọ́. Ẹ rí i pé wọ́n dárúkọ ọlọ́pàá níbẹ̀. Kí ó há a sórí. Ìkẹjọ ní kí ẹni tó bá ń ṣe àdéhùn àlàáfíà ka àwọn obìnrin ìlú náà kún. Ìkẹwàá àti ìkọkànlá dá lórí ìfipábánilòpọ̀ lójú ogun: kí wọ́n dáàbò bo obìnrin, kí wọ́n sì gbé ẹni tó bá ṣe é lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìkejìlá ní kí wọ́n ro ti obìnrin nígbà tí wọ́n bá ń to àgọ́ ogunléndé. Àwọn ìpinnu mìíràn tẹ̀lé e, àpapọ̀ wọn pẹ̀lú 1325 fúnra rẹ̀ jẹ́ 10 títí di 2019. Èyí tó wúwo jù nínú wọn lójú tèmi ni 1820 ti ọdún 2008, tó sọ ọ́ gbangba pé ìfipábánilòpọ̀ tí àwọn jagunjagun fi ń ṣẹ́gun ìlú lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ogun, pé kì í ṣe àṣìṣe àwọn ọ̀dọ́ tí ọtí ń pa. Ilé-ẹjọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ Rwanda ní Arusha ti la ọ̀nà yẹn sílẹ̀ ní 1998, nígbà tó dá Jean-Paul Akayesu, olórí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Rwanda, lẹ́bi, tó sì sọ pé ìfipábánilòpọ̀ lè jẹ́ ara ìpẹ̀yàrun.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni Làìbéríà. Ó sún mọ́ wa, àwọn ọmọ wa jà níbẹ̀ láti 1990 lábẹ́ ECOMOG, ikọ̀ ológun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn kan kò sì padà wálé.

Ní 2003, nígbà tí ogun tún gbóná, àwọn obìnrin Monrovia, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sórí pápá lẹ́bàá ọjà ẹja, nínú oòrùn, nínú òjò, lójú ọ̀nà tí Ààrẹ Charles Taylor máa ń gbà kọjá. Leymah Gbowee ló ṣáájú wọn. Nígbà tí àwọn olórí ogun lọ jókòó ìpẹ̀tù ní Accra, àwọn obìnrin kan nínú wọn tẹ̀lé wọn lọ. Inú gbọ̀ngàn ni àwọn olórí ogun wà; ìta gbọ̀ngàn ni àwọn obìnrin wọ̀nyí wà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn ọkùnrin ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ọta ìbọn sì ń pa ọmọ ní Monrovia. Nígbà tó sú wọn, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi apá kọ́ apá, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde lọ jẹun àfi kí ọ̀rọ̀ wọn yanjú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú Gbowee. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ rẹ̀. Kò yẹ kí n ṣàlàyé fún ìyá Yorùbá ohun tó túmọ̀ sí kí abiyamọ bọ́ra sí ìhòòhò níwájú àwọn ọkùnrin tó ń ṣe aburú. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ọmọ Nàìjíríà tó ń darí ìpẹ̀tù náà, jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2003 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn. Gbowee wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2011; Ellen Johnson Sirleaf, tí àwọn ará Làìbéríà ti yàn ṣe ààrẹ, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yẹn ni pé ìpinnu 1325 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta kó tó ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí àga ti wà fún wọn. Láti 1992 títí di 2019, nínú àwọn ìpẹ̀tù ńlá tó wáyé lágbàáyé, obìnrin kò ju ìdá 13 nínú 100 lọ láàárín àwọn tó ń dúnàádúrà, wọn kò sì ju ìdá 6 lọ láàárín àwọn tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú ohun kan wá tí ìwé ìròyìn kì í sábà sọ, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ ogun lẹ́yìn ogun. Ní Sierra Leone, ilẹ̀ àwọn Sàró, ẹni tó bá fẹ́ gba owó àti iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ mú ìbọn wá. Ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé, tó ru ẹrù, tó dáná, tí wọ́n fi ṣaya ọ̀gá ogun nínú igbó, kò ní ìbọn tó máa mú wá. Ọ̀gá tó jí i gbé mú ìbọn wá, ó gba owó. Ọmọbìnrin náà padà sílé lọ́wọ́ òfo, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìlà kẹtàlá ìpinnu 1325 lòdì sí irú rẹ̀, torí ó ní ohun tí obìnrin jagunjagun nílò yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, kí wọ́n sì rò ó mọ́ ètò náà. Nígbà tó kan Làìbéríà, àwọn obìnrin pariwo títí wọ́n fi yọ̀ǹda kí ẹni tó bá ẹgbẹ́ ogun gbé lè wọlé bí kò tilẹ̀ ní ìbọn. Obìnrin tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní 20,000. Ìlú méjì tó múlé ti ara wọn ni o, ogun wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìlà kan tí ẹnìkan mú dání ló fa ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ló kàn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ní 1993, nínú gbogbo àwọn tó wọ aṣọ ogun àti ti ọlọ́pàá lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìdá 1 péré nínú 100 ló jẹ́ obìnrin. Àjọ náà ti ṣèlérí pé kó tó di 2028, obìnrin máa tó ìdá 15 láàárín ikọ̀ ológun, ìdá 20 láàárín ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń lọ pa pọ̀, ìdá 30 láàárín ọlọ́pàá tó ń lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìlérí iye niyẹn, ó sì rọrùn fún orílẹ̀-èdè láti kó obìnrin lọ kí iye lè pé, kí ó tì wọ́n sí ìdí ìgò oògùn, ìdí fáìlì tàbí ìdí ìkòkò. Ó ti ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa ní Yábàá, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Làìbéríà lẹ́yìn ogun. Ó ní obìnrin kan wá sí àgọ́ wọn lọ́jọ́ kan láti fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n jí kẹ́tùlù òun. Ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì ń kọ ọ́ sílẹ̀: kẹ́tùlù, àwọ̀ rẹ̀, iye tó rà á. Ìyá yìí kò wo ìwé, ọwọ́ obìnrin náà ló ń wò. Ó ń di etí ìró rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń dì í. Ìyá yìí wá bẹ ọ̀gá náà àti ògbufọ̀ wọn, tí í ṣe ọkùnrin, pé kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá. Ìgbà tí ilẹ̀kùn padé tán ni obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun àti ọmọ òun. Kí ìyá yìí tó débẹ̀, kẹ́tùlù mélòó ni wọ́n ti kọ sínú ìwé yẹn?

Iṣẹ́ tí ọmọ yín máa lọ ṣe nìyẹn, bí wọ́n bá fi í sí ibi tó yẹ. Ní Darfur, níbi tí ọmọ ogun àti ọlọ́pàá Nàìjíríà ti ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin àgọ́ gbọ́dọ̀ jáde lọ ṣẹ́gi kí wọ́n tó lè dáná, ẹ̀yìn àgọ́ sì ni àwọn ọkùnrin ti ń lúgọ dè wọ́n. Ẹ̀ṣọ́ máa ń sìn wọ́n lọ sin wọ́n bọ̀ nígbà náà. Ẹni tó máa mọ ọjọ́ tí igi tán nílé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà àti ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí àwọn obìnrin yẹn lè bá sọ̀rọ̀. Ìndíà rán ikọ̀ ọlọ́pàá tó jẹ́ obìnrin, tí wọ́n lé ní 100, lọ sí Làìbéríà ní 2007, àwọn tó ń gba ipò wọn sì wà níbẹ̀ títí di 2016. Wọ́n gbé ìbọn, wọ́n ń rìn lóru, wọ́n ṣọ́ ọ́fíìsì ààrẹ. Àwọn ọmọbìnrin Làìbéríà rí wọn, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n pé àwọn yẹn kò débẹ̀ nítorí ọbẹ̀.

Ìdènà tó le jù fún ọmọ yín tilẹ̀ lè jẹ́ èyí tó wà nílé níbí. Ìlànà Iṣẹ́ Ọlọ́pàá Nàìjíríà ti 1968 ka iṣẹ́ obìnrin ọlọ́pàá lẹ́sẹẹsẹ: ẹjọ́ obìnrin àti ọmọdé, kí ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ akọ̀wé àti ti tẹlifóònù kí ọkùnrin lè ráàyè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìlànà 124 inú rẹ̀ ní kí obìnrin tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó kọ̀wé gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, kí wọ́n sì wádìí ọkọ àfẹ́sọ́nà náà wò. Wọn kò bèèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ níbí ní Èkó ló fagi lé e ní 2012, wọ́n ní ó tako òfin orílẹ̀-èdè. Mo ń sọ èyí torí pé ọ̀gá tí wọ́n fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́ ni ọmọ yín máa bá lórí àga, ọ̀gá náà ni yóò sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìjọba wa ti kọ ètò tirẹ̀ lórí 1325 ní 2013, wọ́n sì tún un kọ ní 2017. Bí ọ̀gá bá ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ètò yẹn ni kí ó tọ́ka sí, kì í ṣe New York.

Mo wá kan ẹ̀rù tó ń bà yín. Ó tọ́ kó bà yín, ohun tí ẹ gbọ́ lórí rédíò kì í ṣe irọ́.

Láti 2003 ni Àkọ̀wé Àgbà àjọ náà ti gbé òfin jáde pé òṣìṣẹ́ wọn kankan kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀, ohun yòówù kí òfin ìlú náà sọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi owó, oúnjẹ tàbí iṣẹ́ gba ara obìnrin. Ọdún tó tẹ̀lé e ni àṣírí tú ní Kóńgò pé wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ní 2007, wọ́n dá sójà Sri Lanka tó lé ní 100 padà sílé láti Hàítì. Ní 2014, àwọn ọmọkùnrin kéékèèké nínú àgọ́ kan ní Bangui, olú-ìlú Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, sọ ohun tí àwọn sójà Faransé ń ṣe fún wọn nítorí bísíkíìtì àti omi. Sójà wọ̀nyẹn kì í ṣe ti àjọ náà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ àjọ náà ló gba ẹ̀rí ọ̀hún sílẹ̀, wọ́n sì ń ti ìwé náà láti tábìlì kan sí òmíràn bíi pé kò kan ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, nígbà tí ẹ̀sùn ti kan àwọn sójà àjọ náà fúnra wọn, Ban Ki-moon, Àkọ̀wé Àgbà àjọ náà nígbà yẹn, ní kí olórí iṣẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè yẹn, Babacar Gaye, fi ipò sílẹ̀. Ní 2016 ni Ìgbìmọ̀ Aláàbò gbé ìpinnu 2272 jáde pé bí ikọ̀ kan bá ń hu irú ìwà yìí, kí wọ́n kó gbogbo ikọ̀ náà padà sílé. Wọ́n lò ó: ní 2021, àjọ náà ní kí sójà Gàbọ́n, bíi 450, kúrò ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà.

Kí ló dé tí ìyà fi ṣọ̀wọ́n? Nígbà tí Nàìjíríà tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn bá yá àjọ náà ní sójà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìlú tí sójà náà ti wá nìkan ló lè dá a lẹ́jọ́. Àjọ náà lè dá a padà, ó lè kọ̀ láti san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tì í mọ́lé. Bí sójà náà bá wálé tán, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní bárékè. Ọmọbìnrin tó ṣe èyí fún wà ní ọ̀nà jíjìn, kò mọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kò sì lówó ọkọ̀ òfuurufú tó máa fi wá jẹ́rìí. Inú ń bí mi sí ibi yìí ju ibikíbi lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìpinnu, ó sì kan àwa náà. Àwọn ọmọ wà ní Làìbéríà tí sójà Nàìjíríà bí sílẹ̀ nígbà ECOMOG tí wọn kò mọ bàbá wọn. Wọ́n ti dàgbà báyìí. Kò sí ìpinnu New York tó lè gbọ́ bùkátà wọn. Abuja ló lè ṣe é, bí àwa tí a ń dìbò bá bèèrè.

N kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n kó obìnrin lọ kí ọkùnrin lè máa tijú hùwà ìbàjẹ́. Ẹrù tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n ń gbé lé àwọn ọmọ yìí lórí. Ọ̀gá tó ń pàṣẹ ló yẹ kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ níjàánu. Ohun tí ọmọ yín lè ṣe ni kó jẹ́ ẹni tí ọmọbìnrin ìlú náà lè bá sọ̀rọ̀, kó má sì dákẹ́ bó bá rí i. Bó bá rí i, tàbí bí wọ́n bá fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀, kí ó má fi mọ sọ́dọ̀ ọ̀gá Nàìjíríà tí wọ́n jọ lọ. Ẹ̀ka kan wà ní ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń bójú tó ìwà àti ìbáwí, abẹ́ àjọ náà ni wọ́n wà. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti aago sí i, kí ó fún wọn, kí ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé.

Ṣé kí ẹ jẹ́ kó lọ? Bó bá jẹ́ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀, mo ní kí ẹ jẹ́ kó lọ, kí ẹ sì bá a múra sílẹ̀ dáadáa.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè bá ikọ̀ ọlọ́pàá Nàìjíríà lọ pa pọ̀, ó sì lè lọ ní ẹyọ kan ṣoṣo bí ọlọ́pàá olùdámọ̀ràn. Bó bá bá ikọ̀ lọ, ìjọba ni àjọ náà máa ń san owó fún, ìjọba ló máa wá fún un ní tirẹ̀. Bó bá lọ ní ẹyọ, àjọ náà ló máa ń san owó ìnáwó rẹ̀ fún un tààrà, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan, òun àti ọlọ́pàá ìlú mìíràn ló sì máa jọ ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ fún un. Wọ́n máa ń bèèrè pé kí èèyàn ti pé ọdún 25, kó sì ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n máa dán an wò nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì máa dán an wò nínú ọkọ̀ wíwà. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ mọ́ ìbọn, wọ́n á dán ìyẹn náà wò.

Ọkọ̀ wíwà yẹn ni kí ẹ dójú lé. Ó ti lé ọ̀pọ̀ obìnrin padà, àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú, torí pé ọkọ̀ oníjíà ni wọ́n máa ń gbé fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọtomátíìkì ni gbogbo wọn ń wà ní Èkó báyìí, àwọn mìíràn kò sì tíì di ọwọ́ ọkọ̀ mú rí. Ẹ wá onídánfó tó jẹ́ ọmọlúàbí, danfó ló kù tí jíà rẹ̀ ṣì wọ́pọ̀. Kí ẹ san owó epo rẹ̀ láàárọ̀ Sunday, nígbà tí títì kò tíì kún, kí ọmọ yín máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i padà nínú ẹrẹ̀ àti lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí títì ọ̀dà kọ́ ló máa bá lọ́hùn-ún.

Nígbà tí wọ́n bá sì gbà á, kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ó bèèrè ìwé tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á sí. Bó bá jẹ́ ìdí fáìlì ni wọ́n kọ síbẹ̀, àsìkò yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìdí, kó sì tọ́ka sí ìlà kẹrin. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ kà á.